Elétí Ehoro Lẹ́yìn Kọ́tìnì

Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, màá gbọ́. Elétí Ehoro ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè mí lẹ́yìn, wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ náà ní yàrá ìgbẹ̀bí, eyín ìyàwó ọmọ mi tó ń lu ara wọn ni mò ń gbọ́. Oyún oṣù méje, ara rẹ̀ gbóná janjan. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́, ibà náà ò lọ. Ọmọ mi tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ṣì wà lọ́nà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi retí ọmọ yìí! Gbogbo ìgbà tó bá lọ ṣàyẹ̀wò oyún ni mò ń bá a lọ, màá jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí.

Agbẹ̀bí tún bi í. "Ṣé abẹ́ ò yún ẹ? Ṣé nǹkan funfun ò jáde, bíi wàrà tó dì?"

Ó wò mí. "Rárá, mà."

"Ṣé wọn ò fi nǹkan kan sínú ilé ọmọ rẹ rí?"

Ó tún wò mí. "Rárá."

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀ jàre!" ni mo jágbe. "Ẹni tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì, kí ni wọ́n máa fi síbẹ̀?"

Dókítà gbé ẹ̀rọ lé ikùn rẹ̀. Ojú dókítà yí padà. Ó ní ọkàn ọmọ ń sáré jù.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kí ọmọbìnrin yìí tó dáhùn ìbéèrè kankan, ojú mi ló ń kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rù mi ń bà á ju ti ibà lọ.

"Mo fẹ́ lọ tọ̀," ni mo wí. Mo jáde, mo fa kọ́tìnì padà, mi ò sì lọ síbì kankan.

Ohùn ìyàwó ọmọ mi wálẹ̀. "Ó ń yún mi, mà. Ó ti pẹ́. Kọ́ìlì tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún wà nínú mi. Mo fi sí i kí n lè kọ́ṣẹ́ tán, oyún bá dé bá a níbẹ̀. Màmá ni kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni mi ò fi lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Wọ́n á ní èmi ni mo dínà mọ́ ọmọ-ọmọ wọn."

Ọdún mẹ́rin! Inú bí mi, mo nawọ́ sí kọ́tìnì.

"Ọpẹ́ ni pé o sọ ọ́," ni dókítà wí. "Irú nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ló gba ara kọ́ìlì yẹn wọ àpò omi ọmọ. Abẹ́rẹ́ àtàárọ̀ ò lè pa á. Nọ́ọ̀sì, ẹ pààrọ̀ oògùn. Ká tètè gbé ọmọ yìí jáde."

Ọwọ́ mi bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin ni ọmọ tí wọ́n gbé jáde. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ, àmì pupa wẹẹrẹ kún ara rẹ̀, àmì funfun sì kún ìwọ́ rẹ̀. Kíá ni wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì gbé e sínú àpótí tó ń mú ọmọ móoru. Agbẹ̀bí ní ká ṣì máa gbàdúrà. Àmọ́ ó ń mí.

Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi lajú, èmi ló kọ́kọ́ wò. "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹni tó lọ tọ̀, kí ló máa gbọ́? Àgbà ti dé, ìyàwó mi. Etí ti di."

Òun náà mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wò mí títí, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú.