Ìbọn Ológun Bàbá Àgbà

Ìyá Káyọ̀, jókòó kí n rọ́ àlá yìí fún ọ kó tó fò lọ lórí mi. Ìbọn ológun àtijọ́ tí bàbá àgbà gbé bọ̀ láti ojú ogun wà lọ́wọ́ mi, àwọn ọdẹ ìlú ń dúró kí n yìn ín, inú mi sì ń dùn. Bàbá àgbà fúnra wọn, tí wọ́n ti kú tipẹ́, ń jẹ àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní, "Wo inú rẹ̀ ná, bóyá nǹkan dí i."

Mo ṣí ìdí rẹ̀, kò sí ọta níbẹ̀, mo wá yọjú wo ihò náà. Ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó ń wò mí bí onílé tí àlejò já lù. Mo fi ọ̀pá tì í títí ó fi bọ́ jáde lẹ́nu ìbọn, ó gbọn ara nù, ó sì lọ dúró láàárín àwọn ọdẹ.

Bàbá àgbà ní, "Ó kù kí o kì í, kí o so ó mọ́ igi, kí o wá fi okùn fà á láti òkèèrè. Bó bá máa bẹ́, kó má bẹ́ mọ́ ọ lójú."

Bí a ṣe bá ara wa lẹ́yìn odi nìyẹn, okùn ti wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ọdẹ di etí. Mo fà á tagbáratagbára, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ: "Bàbá Káyọ̀, fi aṣọ ìbora sílẹ̀ fún mi."