Déètì Tí Bírò Pupa Yí Padà

Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Bàbá Atẹ̀wé, ẹ̀gbọ́n màmá mi, fi ogójì ọdún to lẹ́tà onírin nílé ìtẹ̀wé, iṣẹ́ wọn ni mo sì fẹ́ fi kọ àròkọ àṣekágbá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí pé àwọn ti gbé àga sójú fèrèsé dè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní, "Mò ń bọ̀, bàbá." N ò lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo hun ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, mo wá kọ ọ́ sí ìparí, níbi tá a ti ń to orísun ọ̀rọ̀ wa: orúkọ wọn, nọ́ńbà wọn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún. Ọjọ́ ọ̀hún ò tíì pé nígbà yẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni wọ́n kú. Mo sunkún, a sin wọ́n, mo fa àròkọ náà lé wọn lọ́wọ́ níléèwé, n ò rántí yí déètì padà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń lé e bá. Tèmi ò lò tó oṣù kan. Ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, Bírò Pupa là ń pè é, máa ń pe gbogbo nọ́ńbà tá a bá kọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Mo mọ̀ pé tó bá ká irọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọdún mẹ́rin mi wọgbó nìyẹn.

"Mo pe bàbá tó o kọ nọ́ńbà wọn lánàá," ó ní. "Wọ́n gbé e."

Inú dúrọ́ọ̀ màmá mi ni fóònù bàbá wà, kò síná nínú ẹ̀ látọjọ́ ìsìnkú.

"Wọ́n ní òótọ́ ni gbogbo ohun tó o kọ. Déètì nìkan ni ò tọ̀nà. Wọ́n ní òní lò ń bọ̀." Ó ti fi bírò pupa fagi lé e, ó kọ déètì òní sókè ẹ̀. "Ṣàtúnṣe, kó o mú un wá lọ́la."

Bí mo bá ní bàbá ti kú, irọ́ mi tú nìyẹn.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá lọ́wọ́ màmá mi, mo lọ. Wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú ilé náà, àfi àga méjì lójú fèrèsé, wọ́n kọjú síra. Tìmùtìmù ọ̀kan tẹ̀ wọlé, bí ìgbà téèyàn wà lórí ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ojú tì mí ju ẹ̀rù lọ.

Mo jókòó sórí èkejì, mo ṣí ìwé mi. "Ẹ má bínú, bàbá. Mo ti dé." Àga náà dún díẹ̀, bí tẹni tó tẹ̀ síwájú kó lè gbọ́ràn. Mo béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo fi kọ ìdáhùn wọn kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó bá èyí tí mo hun mu. Bàbá ti bá mi purọ́ fún Bírò Pupa.