Kọ́ọ̀pù Waliyat

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin Yésúfù, bàbá Waliyat. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Waliyat tó wá jẹ́ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ rán an sí mi: pé kí n tètè wá, òun ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n gbọ́ lẹ́nu òun kí òun tó kú.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òkú. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún ọkùnrin yẹn jọ. Bí mo bá ń gún ewé làálì fún ìyá mi, màá fojú inú rí i níwájú ìsọ̀ paraga rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè Mápó, tí gbogbo Ọjà'ba dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ mi. Ó wá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá mi ló ń ya làálì sí ọwọ́ àwọn ìyàwó tuntun, láti Bẹẹrẹ títí dé Kúdẹtì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí, èmi ló sì yẹ kí n gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bí mo bá fa ìlà, á máa rìn bí èèrà tó ṣìnà. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, gìrì gbé mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Dókítà ní ọtí tí mo mu láti kékeré ló ba iṣan mi jẹ́, pé bí mo tilẹ̀ jáwọ́, gbígbọ̀n náà lè má lọ. Mo jáwọ́. Kò lọ.

Ìsọ̀ Yésúfù ni mo ti mu ún. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni èmi àti Waliyat nígbà náà. Tí a bá jáde nílé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá rẹ̀ á bu ọtí funfun sí kọ́ọ̀pù wa, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣubú. Àwọn ọlọ́kadà á pé jọ wòran, wọ́n á sì máa ra tiwọn mu. Waliyat kì í ṣubú. Wọ́n sọ ọ́ ní Àgbá Òjò.

"Kúbúrá, lọ mu ọmú," ni wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Wo Àgbá Òjò bó ṣe dúró."

Kí n lè bá a dọ́gba ni mo ṣe máa ń ní kí bàbá rẹ̀ tún bu sí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, Waliyat jókòó sórí àpótí nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, odó mi ló ń wò. Ó jẹ́wọ́ pé láti Ọjọ́rú ni bàbá òun ti rán òun, ẹ̀rù ló ba òun. Mo bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ.

"Omi ni wọ́n máa ń bù sí kọ́ọ̀pù tèmi."

Mo gbé ọmọ odó kalẹ̀.

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní?"

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ. Bàbá mi ni, Kúbúrá. Kí ni ǹ bá ṣe?"

"Ò bá gbé e fún mi tọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó kúnlẹ̀ fún mi, àwa tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó ní níbi ìsìnkú, nígbà tí ààfáà ní kí ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ forí jì í, gbogbo èèyàn ló dáhùn pé àwọn ti forí jì í. Ṣùgbọ́n kí bàbá òun tó kú, ó ti dárúkọ mi pé èmi lòun ṣẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi dáhùn. Wọ́n á tún bèèrè níbi àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ó bẹ̀ mí kí n wá sọ ọ́ lẹ́nu ara mi.

Mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀. Ó nà án, kò mira rárá. Mo mú làálì tí ìyá mi pò sínú ọ̀rá ẹlẹ́nu ṣóńṣó, mo fa ìlà kan láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé orí ìka. Ó wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún. Làálì yẹn kò ní parẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé.

"Mi ò forí ji bàbá ẹ, Waliyat," ni mo wí fún un. "Màá wá sí fìdáù. Tí ààfáà bá bèèrè, màá dìde, màá sọ bẹ́ẹ̀, màá sì sọ ti omi náà. Ìwọ náà, mi ò forí jì ẹ́."