Ẹgbẹ̀fà Àlejò Ọ̀gá Àgbà

Ọkùnrin kan wà tó ń ta maṣíìnì ìránṣọ, tó sì ń tún un ṣe. Ó fi ara rẹ̀ jẹ oyè Ọ̀gá Àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta péré ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: òun fúnra rẹ̀ níwájú, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà, àti ọmọ wọn obìnrin, Àkọ́bí, tó ń bójú tó ìkànnì wọn lórí ayélujára.

Ẹni tó bá ṣí ìkànnì náà, Ọ̀gá Àgbà ni yóò kọ́kọ́ rí. Ọ̀gá Àgbà nínú kóòtù. Ọ̀gá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Ọ̀gá Àgbà tó ń wo ọ̀nà jíjìn, àfi bíi pé maṣíìnì kan ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibẹ̀. Àwòrán méje ni gbogbo rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kì í dé, ni ojú ìwé kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ti ń kọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mẹ́ta: “Bí Maṣíìnì Rẹ Bá Ń Já Òwú.”

Kò sí ohun tó dùn mọ́ Ọ̀gá Àgbà bí òǹkà àlejò, èyí tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ṣí ojú ìwé àwòrán rẹ̀ lójúmọ́. Ẹgbẹ̀fà! Kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní, “Ẹgbẹ̀fà lánàá.” Ó sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀. Ó sọ ọ́ fún dókítà eyín nígbà tí irin wà lẹ́nu rẹ̀, dókítà sì rò pé ìrora ló ń dà á láàmú.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣàjèjì: àwọn àlejò náà kì í yọjú lọ́jọ́ Àìkú.

“Wọ́n mọ̀ pé mò ń sinmi,” ni Ọ̀gá Àgbà wí. “Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró sẹ́yìn àga Àkọ́bí. “Àwọn àgbà ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò maṣíìnì ń bọ̀ lọ́la wá wo ìkànnì yìí. Kí n tó jẹun ọ̀sán, bá mi yọ ojú ìwé ìyá rẹ kúrò.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀, Bàbá?”

“Ó ń kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe máa tún maṣíìnì wọn ṣe fúnra wọn. Ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oníbàárà? Àti pé kò ní àwòrán kankan.”

“Àwòrán abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, sà.”

“Ṣé abẹ́rẹ́ ni ọ̀gá ibí?”

Ìró irinṣẹ́ dákẹ́ lẹ́yìn. Ìyá Àkọ́bí yọ sí ẹnu ọ̀nà, epo maṣíìnì ní gbogbo ìka rẹ̀. “Olówó orí mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́.”

“Mo mọ̀, o sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀fà èèyàn ń bọ̀ wá wò mí, ìwọ ń fi òwú tó já dí wọn lọ́nà.”

Ìyá Àkọ́bí nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí epo kò kàn, ó sì padà sẹ́yìn. Irinṣẹ́ kò dún mọ́.

Àkọ́bí gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọwọ́ náà kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye ẹni tá a fẹ́ lé jáde.” Ó tú inú òǹkà náà wò, wákàtí sí wákàtí, ohun tí kò ṣe rí. Àlejò kan ní ìdajì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń tì í. Ó rọra gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n ńlá tó kọjú sí títì. Ọ̀gá Àgbà ló rà á, ó sì ní kí ẹni tó tà á so ó mọ́ ìkànnì, kí ó máa tún ojú ìwé náà ṣí ní ìdajì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí àwòrán òun lè máa dán.

“Bàbá, tẹlifíṣọ̀n yìí ni.”

“Tẹlifíṣọ̀n ṣe kí ni?”

“Òun ni ẹgbẹ̀fà. A sì máa ń pa á lọ́jọ́ Àìkú.”

Ọ̀gá Àgbà wo tẹlifíṣọ̀n náà bí ẹni tó ká ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. “Yọ ọ́ kúrò nínú òǹkà.”

Àkọ́bí yọ ọ́. Ó ku mẹ́tàdínlógún.

“Mẹ́tàdínlógún náà kò burú,” ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

“Mọ́kànlá nínú wọn wá láti orí fóònù yín, sà.”

Ó jókòó, ó ní, “Ti ìyá rẹ ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn rí. Àkọ́bí tẹ ibì kan, ó tún un tẹ̀, ó nu ojú rẹ̀. “Ẹgbàajì ó lé mọ́kànlélógún. Lánàá nìkan.”

“Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?”

“Ó tún lé sí i.”

Àwọn àlejò yìí kì í gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà kọjá rárá. Ẹni tí òwú bá já mọ́ lọ́wọ́ á béèrè lọ́wọ́ ayélujára, ayélujára á sì mú un lọ tààrà sọ́dọ̀ ìyá yìí. Bàbá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú. Ẹ̀yìnkùlé ni ayé ń gbà wọlé.

Àkọ́bí ṣí àwòrán ayé. Iná wínníwínní bò ó, ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń ka ojú ìwé náà lọ́wọ́: ní erékùṣù tó dà bí èérún lójú omi, ní ìlú yìnyín, ní ìlú tí wọ́n ti ń lọ sùn. Bí ọ̀kan ṣe ń kú, òmíràn ń tàn. Ọ̀gá Àgbà fi ìka kan ọ̀kan, iye ìṣẹ́jú rẹ̀ àti ìlà tó ń kà sì yọ. “Àádọ́ta ìṣẹ́jú! Kí ni ẹni yìí ń ṣe níbẹ̀?”

“Ó ń ka ìlà kan, á lọ dán an wò, á padà wá.”

Wọ́n ń wo iná yẹn. Ó kúrò ní ìlà abẹ́rẹ́, ó dé ìlà òwú, ó pẹ́ níbẹ̀ títí Ọ̀gá Àgbà fi ń gbọ̀n ẹsẹ̀. Ó wá dé ìlà ìkẹyìn, tí ìyàwó rẹ̀ kọ báyìí: “Tó bá ti ń rán, fọwọ́ kàn án lórí kó o dúpẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró dè ọ́.” Iná náà kú.

“Ó ti ń rán,” ni Ọ̀gá Àgbà sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti ṣí fìlà láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ló ké: “Ìyá Àkọ́bí! Wá wo àwọn àlejò rẹ.”

Obìnrin náà dé, ó wò ó, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. “Gbogbo èyí? Mo rò pé èmi àti Àkọ́bí nìkan là ń kà á. Èmi ò mà tún ibẹ̀ ṣe fún àlejò!”

Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ojú ìwé abẹ́rẹ́ ni wọ́n bá níwájú. Mẹ́fà nínú àwòrán méje ti lọ. Èyí tó kù wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, kò tó èékánná, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kọ sí i: “Ọkọ ẹni tó kọ èyí.”

Òǹkà fi hàn pé fóònù kan láàárín ilé ṣí ojú ìwé náà ní ogójì ìgbà lọ́jọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ló sì ń lọ tààrà. Àkọ́bí rí i. Kò yọ ọ́ kúrò.