Pósí Tí Jianping Rà fún Bàbá Rẹ̀

Qiao Mantang fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ya fídíò pósí náà.

Lei, ọmọ àbúrò rẹ̀, ti gbé fóònù ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lágbàlá. Bí bàbá náà ṣe ń gé afárá oyin ló fẹ́ yà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Lei ti ń bá abúlé ta oyin lórí ayélujára. Kò sẹ́ni tó ń gbé oyin sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́jà mọ́. Inú fóònù ni ọjà wà báyìí.

"Lei, wọlé wá," Mantang wí. "Ya èyí náà."

Ó ká tápólì kúrò lórí pósí tó wà ní yàrá iwájú. Igi olóòórùn dídùn ni wọ́n fi kàn án, ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ sì ń dán bíi dígí. Jianping, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló rà á nígbà tí bàbá pé àádọ́rin ọdún. Àwọn géńdé ló gbé e gun òkè, tí Jianping sì wà láàárín wọn, tó ń làágùn. Bó bá sì ti wálé ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tún un kùn. Lórí òkè Qinling, àgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ra pósí sílẹ̀ fún máa ń sùn fọkàn balẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Mantang a máa wá fọwọ́ pa á wò, wọn a sì padà sílé lọ kanra mọ́ ọmọ tiwọn.

Mantang fi aṣọ nù ún. Ó jókòó tì í. Ó sọ ẹni tó rà á, ó sì sọ irú ọmọ tí ẹni náà jẹ́.

"Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín," Lei wí. "Eyín yín ò pé. Kì í dáa nínú fídíò."

Mantang panu mọ́.

"Ṣé gbogbo ayé á rí ọmọ mi?"

"Gbogbo ayé, Bàbá."

Ó gbà á gbọ́. Láti kékeré ni Lei ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Orí ibùsùn bíríkì kan náà, irú èyí tí wọ́n ń dáná sí lábẹ́, ni òun àti Jianping jọ ń sùn.

Oyin bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ọkọ̀ ń gun òkè wá kó páálí lọ.

Shu, ọ̀rẹ́ Mantang, rí i ní ilé onínúdù.

"Ẹ yà lọ́nà, ẹ yà lọ́nà! Gbajúmọ̀ ń bọ̀. Ṣé kí n nu àga kó o tó jókòó?"

"Jẹun rẹ, arúgbó."

"Àmọ́ mo wá ọ tì lórí fóònù mi o. Ìyàwó mi náà wá ọ tì. Ṣé inú fóònù àwọn olówó nìkan lo máa ń wọ̀ ni?"

"Fóònù rẹ ti gbó. Ó jọ olówó rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu ata sí núdù.

Jianping kò pè mọ́. Ilé ìwé kan ní Suzhou, ìlú ńlá tó jìnnà, ló ti ń ṣe alásè. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ojú rẹ̀ máa ń yọ nínú fóònù bàbá rẹ̀, tòun ti fìlà funfun. Ọjọ́ Àìkú kan kọjá. Òmíràn kọjá. Mantang pè, pè, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Ọwọ́ wọn dí ni," Lei wí. Nígbà tó yá, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún ni kò dáa.

Mantang wo òkè tó yí wọn ká. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa níbí, kí ló máa ṣe ti Suzhou?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin méjì láti ìlú Xi'an ló sọ̀kalẹ̀, wọ́n ru ìrẹsì, òróró àti aṣọ ìbora. Èyí àgbà nínú wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ẹ má tìtorí ọmọ yẹn purọ́ fún mi."

"Ọmọ wo?"

Obìnrin náà fi fóònù hàn án.

Mantang rí ara rẹ̀ níbi tó jókòó ti pósí. Ẹnu rẹ̀ ń mì, àmọ́ kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Orin ẹkún ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ funfun sí i láyà: Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ra pósí fún un, ó ní kó jókòó de ikú. Láti ọjọ́ náà kò wẹ̀yìn wò. Ẹ bá wa ra oyin rẹ̀, kó lè rí oúnjẹ jẹ.

Lábẹ́ rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ rí ń sọ̀rọ̀. Ẹranko lọmọ yìí. Ẹlòmíràn ní òun ti mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn béèrè pé kí ni wọ́n ṣì ń dúró dè.

"Ìyá," Mantang wí, "ọdọọdún lọmọ mi ń wálé."

Obìnrin náà nu ojú, ó yíjú sí èkejì. "Ṣé o rí i bó ṣe ń bò ó láṣìírí?"

Èkejì ti gbé fóònù sókè, ó ń yà á.

Inú àká ni Mantang ti bá Lei, ó ń di páálí.

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi láyà?"

Lei kò béèrè pé ọ̀rọ̀ wo.

"Bàbá, ta ló máa ra oyin lọ́wọ́ ẹni tí inú ẹ̀ ń dùn? Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo kọ́kọ́ gbé e jáde. Èèyàn bíi mélòó kan ló wò ó. Èmi náà wà lára wọn."

"Shu ò rí i."

"Mo dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ará abúlé, kí wọ́n má lè rí i. Mo dí i mọ́ Ẹ̀gbọ́n Jianping náà. Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ń wò ó máa wá a kàn."

"O mọ̀ pé kò dáa nìyẹn."

Lei ń fi ọwọ́ tẹ ẹnu páálí.

"Pa á rẹ́."

"Mo lè pa tèmi rẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń pín in kiri."

"Ṣí fóònù nígbà náà. Màá bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra mi, kí wọ́n máa wò mí lójú ẹsẹ̀."

Mantang jókòó síwájú fóònù. Ó ní ọmọ òun ló ra pósí, ó sì rà á láti fi bu ọlá fún òun ni. Ó ní ọmọ náà ń wálé, ó ń pè. Ó ní irọ́ ni ohun tí wọ́n kà. Àwọn èèyàn ń ya wọlé. Ọ̀rọ̀ wọn ń gun ojú fóònù bí èèrà.

Wọ́n ti kọ́ ọ lóhun tó máa sọ.

Ẹ wojú ẹ̀, ẹ̀rù ń bà á.

Ta ló dúró lẹ́yìn fóònù yẹn? Ọmọ burúkú yẹn ni!

Bàbá, bí wọ́n bá ń lù yín, ẹ fọwọ́ kan etí.

Eṣinṣin kan bà lé Mantang létí. Ó fọwọ́ lé e.

Ariwo sọ. Òdòdó pupa tí wọ́n fi ń tọrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú fóònù. Wọ́n ń ra oyin bí ẹni pé iná ń jó o.

"Ẹ má dákẹ́, Bàbá," Lei sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn fóònù. "Ẹ má dákẹ́ rárá."

Mantang gbójú sókè, ó wo ojú Lei. Inú ọmọ náà ń dùn. Mantang dìde kúrò níbẹ̀.

Ó lọ yá fóònù Shu. Jianping kò mọ nọ́ńbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi gbé e.

"Jianping."

Ọmọ rẹ̀ mọ ohùn náà.

"Bàbá, mo rí yín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó so yín mọ́lẹ̀."

"Mo ń fi ọ́ yangàn ni."

"Ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo lẹ jókòó ti pósí yẹn rí tí ẹ ò rẹ́rìn-ín?"

"Lei ló ní kí n má rẹ́rìn-ín."

Mantang ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́," Jianping wí. "Wọ́n ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, wọ́n ń yà mí. Wọ́n ya ọmọ mi. Mi ò ní wálé ọdún yìí, Bàbá."

Ó pa fóònù.

Mantang fi ilé oyin rẹ̀ sọ́wọ́ Shu, ó di ẹrù. Kò sọ fún Lei, àmọ́ Lei gbọ́. Ó sáré bá a níbùdókọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ya bí ẹ ṣe ń wọkọ̀ nìkan. Bàbá ń lọ bá ọmọ rẹ̀. Wọ́n máa fẹ́ràn ẹ̀. Á tún orúkọ Ẹ̀gbọ́n ṣe."

"Lei. Abẹ́ òrùlé mi lo ti dàgbà."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

Lei sọ ọwọ́ kalẹ̀ dé àyà. Ojú fóònù ṣì kọ sí Mantang. Mantang wọ bọ́ọ̀sì, ó sì kẹ̀yìn sí fèrèsé.

Ní Suzhou, àtẹ̀gùn ilé tí Jianping ń gbé pọ̀. Mantang gùn ún díẹ̀díẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Jianping ló ṣí i. Ó ti rù. Kò tètè wo ojú bàbá rẹ̀. Orí èjìká bàbá náà ló gbà wo ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ta ló tẹ̀lé yín?"

"Kò sẹ́ni."

Jianping gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó.

Mantang dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nínú yàrá, ọmọ ọmọ rẹ̀ yọjú, ó rí ẹnì kan, ó sáré fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Èmi ni," Mantang wí. "Bàbá àgbà ni."

Ọmọ náà kò mú ọwọ́ kúrò lójú. Ó ń yọjú láàárín ìka.

Mantang gbé ẹrù sílẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn, kí ọmọ náà lè rí i pé òun kò mú nǹkan kan dání.