Abẹ́rẹ́ Tó Ti Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fíríìjì wá sílé ìgbẹ̀bí kékeré yẹn, àwọn ọ̀gá ńlá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́ fúnra wọn. Iná tí yóò máa mú un tutù ni kò sẹ́ni tó rántí. Láti ìjẹta ni iná ti lọ, abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ẹ̀ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

Agbẹ̀bí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tó ti gbóná kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju omi lásán lọ. Síbẹ̀ ó gún ìyàwó télọ̀ tó wá bímọ lọ́dọ̀ ẹ̀ ní ọ̀kan, ó tún gún un ní èkejì. Kí ni ì bá ṣe? Ọmọ ti wáyé ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin, olóhùn gooro. Ibi ọmọ náà ti jáde pérépéré. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí.

Níta, ìyá télọ̀, ìyá ọkọ ẹ̀, gbé ọmọ mọ́yà, ó ń jó, ó ń pe gbogbo ẹbí lórí fóònù. "A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ!"

Nínú ilé, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ki ìkúùkù kan bọ abẹ́ obìnrin náà, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ ilé-ọmọ mọ́ ọn láti orí ikùn. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á rọlẹ̀. Bó bá dẹ ọwọ́ pẹ́nrẹ́n, á tún tú yaa. Fóònù tí ì bá fi pe ọkọ̀ wà lórí tábìlì, ọwọ́ ẹ̀ kò tó o. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, àmọ́ ìjọba ní agbẹ̀bí kan ṣoṣo ti tó.

"Ìyá!" ó kígbe. "Ẹ wá o! Ẹ bá mi wá mọ́tò!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa!" Ariwo ara ìyá télọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ ju ìdajì lọ, ó rò pé wọ́n ń kí òun ni. "Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere!"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ké títí ohùn ẹ̀ fi há. Ìgbà tí ìyá télọ̀ fẹ́ gbé ọmọ wá han ìyá ẹ̀ ló tó rí ẹ̀jẹ̀ tó kún ilẹ̀ yàrá. Ó figbe ta, ó sáré jáde lọ wá mọ́tò tòun tọmọ láyà.

"Mọ́mì, òtútù ń mú mi," ni ìyàwó télọ̀ wí fún agbẹ̀bí. "Ṣé ó ti dá?"

"Ó ti ń dá, ọmọ mi. Má sùn o. Kí lẹ máa sọ ọmọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọkọ mi ò tíì sọ fún mi. Ó ní ẹnu mi kì í gba ọ̀rọ̀ dúró."

Ó ti ń rẹ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lápá. Ó bínú sí fíríìjì, ó bínú sáwọn tó ya fọ́tò, ó bínú sí apá ara ẹ̀. Ó ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀, títí tó fi kíyè sí i pé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ti wá dá, èémí náà sì ti dúró.

Mọ́tò fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá télọ̀ já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mọ́tò ti dé! Ẹ jẹ́ ká gbé e! Nọ́ọ̀sì, kí lẹ tún ń dúró dè?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò gbójú sókè. Ó ṣáà ń tẹ̀ ẹ́ lọ, nítorí bó bá ti gbé ọwọ́ kúrò, ìyá télọ̀ á mọ̀.