Pèpéle Àlùwàlá Alhaji Bàdírù

Gbàgà! Irin tí Godfrey wẹ́dà ń tì bọ inú gọ́tà tún lọ kọ lu kọnkéré. Ó fà á jáde, ó nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó di ṣọ́bìrì mú ní òpópónà náà, ní Àmùkòkò, rí ibi tí irin ọ̀hún kọjú sí: iwájú ilé Ràbíátù, lábẹ́ pèpéle àlùwàlá.

Ràbíátù, tó ń ta okùn àti tapólì ìbẹrù fún àwọn onítírélà ní Wharf Road, náà rí i.

Òun tó ti ń pariwo láti ọdún tó kọjá pé ṣọ́ọ̀bù Godfrey ló dí omi lọ́nà! Òun tí kì í jẹ́ kí Godfrey kí òun tán kí òun tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́! Nígbà tí àwọn ará àdúgbò pinnu pé àwọn ò ní dúró de ìjọba mọ́, pé àwọn fúnra àwọn ni yóò la gọ́tà náà títí dé kánàà, inú pálọ̀ òun ni wọ́n ti ṣèpàdé, òun ló sì ṣòfin: "Iwájú ilé ẹnikẹ́ni tí a bá ti bá ìdíwọ́, a ó fọ́ ọ. Kò sí bàbá mi, kò sí ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Pèpéle yìí kì í sì í ṣe kọnkéré lásán. Alhaji Bàdírù, ọkọ rẹ̀, ló ṣe é lọ́dún tó kú. Ó rí àwọn bàbá àgbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá nínú ẹrẹ̀, àánú wọn ṣe é, ó da kọnkéré bo gọ́tà, ó fa ẹ̀rọ omi síbẹ̀, ó ní kí gbogbo ayé máa lò ó ní sàdákà. Páìpù tóóró kan ló ní kí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀ fún omi gọ́tà. Ta ló rántí pé ọ̀rá píọ̀-wọ́tà lè dí i? Títí di òní, ẹni tó bá fẹsẹ̀ lé ibẹ̀ á ní, "Ọlọ́run kẹ́ Alhaji." Ràbíátù a máa gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, a sì dà bíi pé ọkọ rẹ̀ ò tíì jìnnà.

Morádéún, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àdúgbò, sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ má dààmú. Ti Alhaji ò ṣe é fọ́. A lè ya gọ́tà gba inú ṣọ́ọ̀bù Godfrey. Ayálégbé ni, kí ló fẹ́ sọ?"

Godfrey gbọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sílíńdà gáàsì rẹ̀ kúrò nílẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ lọ́rọ̀ máa já sí. Ìyẹn ló dun Ràbíátù jù. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

Ojú ọ̀run ti ṣú. Lókè òpópónà, àwọn tí omi máa ń wọlé bá ní yàrá ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá fọ́ pèpéle yìí, ta ni yóò tún máa dárúkọ Bàdírù? Ó fi etí ìborùn nu omijé. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Omi tí sàdákà ọkọ rẹ̀ sé mọ́lẹ̀ ló ń lé àwọn èèyàn yìí gun orí bẹ́ẹ̀dì. Bàdírù, tí kì í fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà!

"Godfrey, gbé nǹkan rẹ sílẹ̀," ó ní. "Ẹ fọ́ ọ."

"Màmá..."

"Morádéún, mo ní ẹ fọ́ ọ! Ṣé òfin tí mo fẹnu ara mi ṣe lẹ fẹ́ kọ́ mi ni?"

Godfrey ló gbé háámà wá síwájú rẹ̀. "Mama, you sure? Na Papa him work o. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wá máa sunkún lọ́la."

"Mo ti sunkún tán. Godfrey, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ. Má bínú."

"Ah, Mama! No wahala. Ẹ ṣáà máa dáhùn tí mo bá kí yín."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ràbíátù kọ̀yìn sí wọn. Bí háámà ṣe ń dún ló ń dún láyà rẹ̀. Nígbà tó yá, nǹkan kan hó lábẹ́ ilẹ̀, omi dúdú ya jáde pẹ̀lú ọ̀rá àti sálúbàtà, ó gba ọ̀nà kánàà lọ. Godfrey ti ń wọn ẹnu gọ́tà: òun á fi irin ṣe ìdérí tó ṣe é ṣí, kí àwọn bàbá rí ibi dúró sí, kí omi sì máa kọjá.

Òjò dé kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ràbíátù dúró lójú fèrèsé, ó tẹ́tí. Ó mọ bí òjò ṣe máa ń rí ní òpópónà yìí. Kò ní pẹ́, ẹnì kan á kígbe, "Ó ti wọlé o!", abọ́ àti báàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí wọ́n ṣe ń gbọ́n omi síta, àwọn ọmọ á máa sunkún. Ó dúró títí. Omi gọ́tà kún dé etí, ó sì ń lọ. Ohùn kan ṣoṣo tó ti òkè òpópónà wá ni ti obìnrin kan tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà pé ó ti kó ẹran inú ọbẹ̀ jẹ tán, ọkọ náà ń búra pé ológbò ni.

Ara Ràbíátù wá rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó fara ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Alhaji," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, "ẹ ò gbọ́ wọn? Ẹran ni wọ́n ń jà sí."